Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ púpọ̀: « ilẹ̀ » ní àgbègbè Adja-Ouèrè

Ní Adja-Ouèrè, bí ó ti rí níbi gbogbo tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá-Nàgó, kò sí ọmọdé tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà « ilẹ̀ ». Síbẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti lò ó ni ó ń pinnu ìtumọ̀ rẹ̀.

Lẹ́nu àgbẹ̀, ilẹ̀ ni erùpẹ̀ tí ó ń dáko sí: ilẹ̀ pupa ti orí òkè, tàbí ilẹ̀ dúdú ti kòtò Lama, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ nígbà òjò, tí ó sì máa ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú ilé, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá ní òwúrọ̀. Bí ó bá kan àkókò, ilẹ̀ a máa mọ́, a sì máa ṣú. Ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ti àìsàn, Ilẹ̀ẹ́gbóná ni àwọn àgbà fi ń pe àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti parẹ́. Ní ti ìwà, ẹni tí ó bá da ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dàlẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí májẹ̀mú.

Nínú ọ̀rọ̀ ogún ni ewu wà. Bí onílẹ̀ bá wí pé: « Mo fún un ní ilẹ̀ », ó lè jẹ́ pé ó yọ̀ǹda kí àlejò máa dáko níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó má sì gbin ọ̀pẹ, ó sì lè jẹ́ pé ó fi í tọrẹ títí láé. Lẹ́nu, àwọn tí ó wà níbẹ̀ mọ èyí tí ó jẹ́. Nínú ìwé, gbólóhùn náà dá dúró. Láti ìgbà tí òfin nọ́ńbà 2013-01 ti Bẹ̀nẹ̀ ti sọ ìwé di ẹ̀rí pàtàkì lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ṣe kedere lè gba ogún lọ́wọ́ ọmọ.

Nítorí náà, kí olùkọ́ mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà má ṣe kọ́ni ní « ilẹ̀ » ní òun nìkan, bí kò ṣe nínú gbólóhùn. Kí ó tọ́ka sí ìyàtọ̀ « ilé » àti « ilẹ̀ », yálà ẹ ni wọ́n fi kọ ọ́ tàbí ɛ ti álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Bẹ̀nẹ̀. Bí ìwé ilẹ̀ bá délẹ̀, kí akọ̀wé yàn nínú « yá », « tà » àti « fi tọrẹ », kí ó sì kà á sókè kí onílẹ̀ tó tẹ ìka sí i.