Oògùn tí Kò Gbọdọ̀ Pẹ́ Lọ́nà

Láti ibùdókọ̀ Volkswagen dé Okokomaiko ní Èkó, tírélà, dánfó àti ọ̀kadà ni wọ́n jọ ń du ọ̀nà Àgbádárìgì. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, egungun tó kán kọ́ ló kọ́kọ́ ń ba dókítà lẹ́rù. Ẹ̀jẹ̀ ni, pàápàá èyí tó ń dà sínú ikùn níbi tí ojú kò tó. Oògùn kan tí kò gbówó lórí wà fún un, tranexamic acid. Ọdún 48 ló gbà kí a tó mọ̀ dájú pé ó ń dá ẹ̀mí ẹni tó fara pa sí.

Olùwádìí Utako Okamoto àti Shosuke, ọkọ rẹ̀, ló gbé e jáde ní Japan ní 1962. Àwọn abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń pa lẹ́yìn ìbímọ ni Utako ní lọ́kàn. Ọmọ ló ń pọ̀n sẹ́yìn lọ síbi iṣẹ́ ìwádìí. Ìyá tó ń tajà ní Ìyànà-Ìbà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì kò ní bi í pé kí ló dé. Ó bẹ àwọn dókítà Kobe kí wọ́n dán an wò fún àwọn abiyamọ, wọn kò gbà.

Ní 2005 ni olùwádìí Ian Roberts àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London bẹ̀rẹ̀ ìwádìí CRASH-2 lórí àwọn tó fara pa. Ilé ìwòsàn 274 ní orílẹ̀-èdè 40 ló kópa, Nàìjíríà wà lára wọn. Aláìsàn jẹ́ 20,211. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín wọn: àwọn kan gba oògùn, àwọn yòókù gba omi tó jọ ọ́, dókítà pàápàá kò sì mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Àwọn kan á ní ìkà ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀: kò tíì sí ẹni tó mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi ìtọ́jú tó kù dù. Nígbà tí èsì jáde ní 2010, nínú 1,000 tó gba omi, 160 kú. Nínú 1,000 tó gba oògùn, 145 ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún èsì náà yẹ̀ wò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tó gbà á láàárín wákàtí kan lẹ́yìn jàǹbá ló jèrè jù. Bí ó bá ti kọjá wákàtí mẹ́ta, ó lè ṣe ìpalára.

Ìwádìí WOMAN wá ṣe ohun tí àwọn dókítà Kobe kọ̀: obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ ní orílẹ̀-èdè 21, Bukola Fawole ti ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ló darí ẹ̀ka Nàìjíríà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017, wákàtí mẹ́ta náà ló tún sọ. Utako ti kú ní ọdún kan ṣáájú.

Wákàtí mẹ́ta! Ẹni tó bá ti há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìyànà-Ìbà rí mọ̀ bí ó ṣe ń lọ. Ọkọ̀ aláìsàn ìjọba Èkó, LASAMBUS, ti wà láti 2001. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 sì ka kíkọ aláìsàn pàjáwìrì léèwọ̀. Kò sí èyí tó lè lé tírélà kúrò lójú ọ̀nà nínú wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wá bí oògùn náà á ṣe pàdé aláìsàn lọ́nà. Tẹ́lẹ̀, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, iṣan sì ṣòro láti rí lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán. Ní 2021, ìwádìí kan fi hàn pé bí wọ́n bá gún un sí ẹran ara, láàárín ìṣẹ́jú 15 ó ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí I'M WOMAN wá gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn aboyún ní Nàìjíríà, Pakistan, Tanzania àti Bangladesh.