Mànẹ́ẹ̀tì ọ̀kẹ́ kan: ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

  Ọ̀rọ̀ ọjà la máa sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti iṣu, kì í sì í ṣe ti gàrí.

Ìyá kan tó ń ta gàrí ló bi wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní yàrá kékeré kan nítòsí ibùdókọ̀. Tẹlifíṣọ̀n kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú PlayStation 2 kan, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń sanwó kí wọ́n tó gbá géèmù. Ọmọ yìí ní kí ìyá òun yá òun ní 40.000 fráǹkì nínú àjọ tó máa kó lópin oṣù, kóun fi ra mànẹ́ẹ̀tì méjì tó jẹ́ ojúlówó ní Kútọnu. Mànẹ́ẹ̀tì ni ohun tí ọmọ máa ń dì mú, tó ń tẹ̀, tí ẹni inú tẹlifíṣọ̀n á fi máa sáré. Ọ̀kẹ́ kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá rí irú ẹ̀ lọ́jà níbí ní 2.500. Ó ní kí ló wà nínú èkejì tó fi di ọ̀kẹ́ kan?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìbéèrè gidi ni.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ohun méjì ló máa ń tètè kú lára mànẹ́ẹ̀tì. Àkọ́kọ́ ni rọ́bà tó wà lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì. Tó bá rẹ̀, ọmọ á tẹ̀ ẹ́ tẹ́ẹ́, kò ní dáhùn. Èkejì ni ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò fi ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ mànẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá ti ń yí ọ̀pá yẹn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ha ojú ọ̀nà dúdú kan nínú lọ́hùn-ún. Bó ṣe ń ha á ló ń jẹ ẹ́, bí ìsàlẹ̀ bàtà ṣe ń jẹ. Ọjọ́ tó bá jẹ tán, ẹ máa rí i tí ẹni inú tẹlifíṣọ̀n á máa dá rìn lọ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀mí àìrí kọ́, mànẹ́ẹ̀tì ló gbó.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nídìí ọ̀pá wọn. Kò sí ohun tó ń ha ohunkóhun, torí náà kì í tètè jẹ. Kì í ṣe idán tuntun náà, Sega ti fi í sínú mànẹ́ẹ̀tì Dreamcast láti 1998. Bó bá jẹ́ ìyẹn lẹ ń sanwó fún, a jẹ́ pé nǹkan wà nínú owó náà.

Àmọ́ owó mìíràn wà tó jẹ́ ti ẹwà lásán. Famicom ti Nintendo jáde ní Japan ní 1983, PlayStation 2 jáde ní 2000. Àwọn tó fi wọ́n ṣeré nígbà èwe ti di àgbà olówó ní ilẹ̀ òkèèrè, ilé iṣẹ́ sì ń ṣe mànẹ́ẹ̀tì tuntun tó jọ ti ìgbà náà fún wọn. Ìrántí ni wọ́n ń rà. Kò burú, owó wọn ni. Fún ọmọ ìyá alágàrí, PlayStation 2 kì í ṣe ìrántí, òun ló ń jẹun lé lórí lónìí.

Ó wá kan ìṣirò. Ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ mú òkúta wẹ́wẹ́ kà á pẹ̀lú wa. Ká ní ti 2.500 ń lo oṣù méjì. Ní oṣù 18, mẹ́sàn-án lẹ máa rà, 22.500 nìyẹn. Bí ti ọ̀kẹ́ kan bá lo oṣù 18 yẹn, ẹ jèrè 2.500. Ṣùgbọ́n bí ti 2.500 bá lo oṣù mẹ́ta, mẹ́fà péré lẹ máa rà, 15.000. Ọ̀kẹ́ kan ti jẹ yín ní 5.000! Ẹ ò rí i pé oṣù kan péré ló yí ẹjọ́ náà padà. Bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin yìí kò tíì kọ ọjọ́ tó ra èyíkéyìí sílẹ̀ rí. Kó fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn wọn láti òní lọ.

Ohun kan ṣì wà tó lè ba gbogbo ìṣirò jẹ́: ẹnu wáyà. Ọ̀pọ̀ mànẹ́ẹ̀tì aláràbarà yìí, kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. PlayStation 2 ní ojú USB méjì níwájú lóòótọ́, àmọ́ ojú tirẹ̀ gan-an tó ń gba mànẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Ẹni tó bá ra ti USB dé láti Kútọnu, ó ti ju 200 kìlómítà lọ kó tó lè dá a padà.

Èyí tí kò ní wáyà ńkọ́? Ó dára nílé. Ní yàrá tí ogún ọmọ ń wọlé jáde, wáyà ni okùn tí kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ yín bá ti ẹlòmíì lọ. Bátìrì inú rẹ̀ náà, bó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tú u. Ó lè gbiná.

Nítorí náà, ìyá wa, tèmi ni pé kẹ́ ẹ má yá a ní 40.000. Ẹ yá a ní owó ẹyọ kan, bí ẹni tó ń tà á bá gbà kó kì í bọ PlayStation 2 wò níbẹ̀, kó yí ọ̀pá náà, kó fi í sílẹ̀, kó wò ó bóyá ẹni inú tẹlifíṣọ̀n dúró jẹ́ẹ́. Kó tẹ gbogbo bọ́tìnnì, kó sì ṣẹ́ wáyà díẹ̀ níbi tó ti wọnú mànẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló máa ń já. Kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2.500 fún oṣù mẹ́fà. Àwọn tó ti kú nílé, kó kó wọn lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Rọ́bà tó dọ̀tí, alukọ́ọ̀lù ilé oògùn díẹ̀ lè jí i. Alukọ́ọ̀lù yẹn náà ni kó máa fi nu ara mànẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́, lẹ́yìn tó bá ti yọ wáyà, torí ọwọ́ tó jẹ àkàrà, ọwọ́ tó fọn ikun, gbogbo wọn ló ń dì í mú.

Bí oṣù mẹ́fà bá pé, kí ìyá mú ìwé ọjọ́ náà wá fún wa, a ó jọ kà á lórí afẹ́fẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n gàrí ni.