Àwọn Ọmọ Ńkọ́? Ọ̀rọ̀ lórí Ilé tí Àrùn Ọkàn tàbí Ọtí Wọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ ní gbangba. Ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, bí ibà bá mú bàbá ilé, àdúgbò yóò wá kí i. Bí ó bá ṣubú lórí ọ̀pẹ, àwọn ará yóò gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ni kò sí ní ipò, tàbí pé ọtí ni ó ti gba àkóso ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kùn a di títì. A ó sọ fún àlejò pé bàbá lọ sí oko. Àwọn àgbà ilé a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa aláìsàn náà: ibi tí a ó gbé e lọ, ẹni tí ó ṣe é, iye tí yóò ná wọn. Nínú gbogbo ìpàdé wọ̀nyí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan tó béèrè pé, Àwọn ọmọ ńkọ́?

Àwọn bàbá wa ní, Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ti òbí nìkan ni ó sọ. Kò fi ẹnu ba ẹni tí wèrè bí. Ọmọ tí ó ní láti lọ wá bàbá rẹ̀ ní ìsọ̀ ọtí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tí ó ti ń mọ̀ láti inú ìró ẹsẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà irú òru tí wọn yóò sùn. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ tí ó ń dáná nítorípé ìyá rẹ̀ kò tíì dìde dáadáa lórí ẹní láti ọjọ́ ìkómọ àbúrò rẹ̀: irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sunkún ní gbangba, wọn a sì máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. A tilẹ̀ máa ń yìn wọ́n pé wọ́n gbọ́n ju ọjọ́ orí wọn lọ. Ní èrò tiwa, ìyìn yìí ni ó burú jù, nítorí ó ń sọ ẹrù àgbà di iṣẹ́ ọmọdé.

Kì í ṣe àròsọ ni a ń sọ. Ní Iléṣà, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, Dókítà Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ obìnrin 876 wò nígbàtí ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n bímọ. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2005. Nínú obìnrin méje, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan ní ìsoríkọ́ tí ó tó àìsàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní abísínwín. Abísínwín ni gbogbo ayé mọ̀, nítorí aláìsàn náà yóò pariwo, yóò sì rìn jáde. Ẹni tí ìsoríkọ́ mú kì í pariwo. Yóò jókòó, yóò máa wo ọmọ bí ẹni tí ń wo ọmọ ẹlòmíràn. Oúnjẹ kò wù ú, oorun kò kùn ún. Àwọn ìyá ọkọ a sì máa wí pé ọ̀lẹ ni.

Ní ọdún 2008 àwọn oníṣègùn kan náà tún gbé ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n wo ọmọ àwọn ìyá 120 tí ìsoríkọ́ mú, wọ́n sì fi wọ́n wé ọmọ àwọn ìyá 122 tí ara wọ́n dá. Nígbàtí àwọn ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta, àti nígbàtí wọ́n pé oṣù mẹ́fà, àwọn ọmọ ìyá tí ń sorí kọ́ kò dàgbà tó àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìyá wọn tètè já wọn lẹ́nu ọmú, ìgbẹ́ gbuuru sì ń ṣe wọ́n jù. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ìyá: àárẹ̀ ọkàn ìyá hàn lórí òṣùwọ̀n ọmọ. Ọmọ tí a ń fún ní àgbo ìgbẹ́ gbuuru láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Àìsàn yìí sì ní ìwòsàn. Ní agbègbè Ìbàdàn a kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́dé, tí wọn kì í ṣe dókítà, láti máa tọ́jú irú aboyún àti abiyamọ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni ara wọ́n ti yá nígbàtí ọmọ pé oṣù mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀rọ̀ ọtí. Ní gáréèjì wa gbogbo, láti kùtùkùtù ni a ti ń ta paraga, èyítí í ṣe egbò àti èèpo igi tí a rẹ sínú ògógóró. Ẹni tí ń mu ún kò gbà pé ọtí ni òun ń mu; ó ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni, tàbí ti ẹ̀yìn ríro. Awakọ̀ mu ún kí ó tó gun ọkọ̀, alágbàṣe mu ún kí ó tó gbé ọkọ́, àwọn aboyún mìíràn sì ń mu ún ní orúkọ oògùn. Orúkọ oògùn yìí ni ó fi lágbára jù ẹmu lọ, nítorí ẹni tí ń mu ẹmu mọ̀ pé fàájì ni òun ń ṣe, yóò sì dìde nígbàtí fàájì bá tó. Ní ọdún 1973, oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Jones àti Smith, fi ìwé hàn bí ọtí tí aboyún ń mu ti ń ba ojú, ìdàgbà àti ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Egbò tí a rẹ sínú ọtí kò lè dí ọtí náà lọ́nà.

Lẹ́yìn ọtí ni àwọn yòókù: igbó, tramadol, àti oògùn ikọ́ tí ó ní kódíìnì, èyítí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dè ní ọdún 2018 nítorípé àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di ohun mímu. Àjọ ìṣirò ìjọba àti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka àwọn tí ń lo irú nǹkan wọ̀nyí ní Nàìjíríà. Ìwé wọn jáde ní ọdún 2019. Láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn, wọ́n rí i pé nínú ènìyàn 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, ó lé ní 14 tí ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àwa wà, ó lé ní 22, kò sì sí ìhà mìíràn tí ó tó tiwa. Iye tí ó dẹ́rù bani ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 15 ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ń gbé inú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tí a kà kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbàtí ó bá dàgbà, àwọn ará Amẹ́ríkà ti wá ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1998 Dókítà Felitti àti Dókítà Anda gbé ìwádìí jáde lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbàlagbà ní San Diego. Wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí ní kékeré: ìlù àlùbolẹ̀, ìyá tí a ń lù, ọ̀mùtí nínú ilé, aláìsàn ọkàn nínú ilé, àti irú wọn. Ẹni tí mẹ́rin nínú wọ̀nyí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti bá, ewu pé òun pẹ̀lú yóò di ọ̀mùtí, tàbí pé yóò gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin títí dé méjìlá ti ẹni tí kò rí ọ̀kan.

Bí a bá dúró níbẹ̀, àìnírètí ni a ó bá lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí ń jẹ́ Emmy Werner tẹ̀lé àwọn ọmọ 698 tí a bí ní ọdún 1955 ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii, títí wọ́n fi pé 40 ọdún. Àwọn kan nínú wọn dàgbà nínú òṣì, ìjà, ọtí tàbí àrùn ọkàn òbí. Síbẹ̀, nínú mẹ́ta wọn, ẹnìkan dàgbà di ènìyàn dáadáa tí ń ṣe iṣẹ́, tí ń ní ìfẹ́, tí ó gbẹ́kẹ̀lé ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí ó gbé wọn ró ni pé wọ́n ní àgbà kan, ó kéré tán, tí ó fi wọ́n sí ọkàn: ìyá ìyá, àbúrò bàbá, tàbí olùkọ́. Nígbàtí a ka èyí, a rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Àwa ti ń wí i kí a tó gbọ́ orúkọ Hawaii.

Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo dá ètò kan sílẹ̀ ní Àrò tí gbogbo ayé wá wò. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá gba ìtọ́jú ní láti mú ará ilé rẹ̀ kan wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa bá a lọ gba oògùn. Lambo mọ̀ pé àrùn ọkàn kì í ṣe ti ẹnìkan. Ìbéèrè tí ó kù fún wa ni èyí: nígbàtí ìyá bá tẹ̀lé bàbá lọ gba ìtọ́jú, ta ni ó kù nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ?

Ìtọ́jú náà ti súnmọ́ wa jù ti ìgbà náà lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera 198, láti ilé ìlera alábọ́dé 68 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti mọ àrùn ọkàn, wárápá àti àìsàn ọtí, kí wọ́n sì tọ́jú wọn. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Iye àwọn tí a rí tí a sì tọ́jú pọ̀ sí i gidigidi. Ní ti àwọn tí ń gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ wòlíì tàbí babaláwo, ìwádìí mìíràn láti ọwọ́ Gureje àti àwọn ará Ghana ní ọdún 2020 fi hàn pé nígbàtí òṣìṣẹ́ ìlera bá ń bá irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀, ara aláìsàn ń yá jù. Kò sí ìdí tí aláìsàn yóò fi kúrò lábẹ́ àdúrà kí ó tó gba oògùn. Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ nìkan ni kí a mú kúrò.

Ó tún ku ìbẹ̀rù kan tí ń pa ẹnu àwọn ẹbí mọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí a bá mọ̀, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ ilé náà, nítorí tí a máa ń wádìí ilé kí a tó gbéyàwó. Òtítọ́ ni pé àrùn ọpọlọ mìíràn a máa tẹ̀lé ìdílé. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ mẹ́wàá tí bàbá tàbí ìyá wọn ní èyí tí ó le jù nínú wọn, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní schizophrenia, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni kò ní í ní i láéláé.

Òfin náà kò gbàgbé ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ọmọ tí òbí rẹ̀ kò yẹ láti tọ́ ọ nítorí ìmutípara mọ́ àwọn tí ó yẹ kí a dáàbò bò. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a sì fọwọ́ sí òfin ìlera ọkàn tuntun, tí ó rọ́pò òfin wèrè tí ó ti wà láti ọdún 1916. Síbẹ̀ kí á tó dé ilé ẹjọ́, ẹbí ni kí ó ṣe tirẹ̀, kí ó sì ṣọ́ra bí ó ti ń ṣe é. Nítorí a ti rí i pé ọmọ tí a ní kí ó lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí ní ìlú ńlá a máa di ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, tí kò sì rí ìwé kà mọ́. Bí ọmọ yóò bá kúrò, kí ó lọ sí ibi tí ó súnmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́, kí ó sì máa rí òbí rẹ̀ nígbàtí ara wọn bá balẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń mú aláìsàn lọ sí ilé ìlera, tàbí tí ó ń lọ bá òṣìṣẹ́ ìgbayégbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀, Ìfẹ́lódùn ní Ìkìrun, Odò-Ọ̀tìn ní Òkukù fún àwọn ará Ìnísà pẹ̀lú, kí ó kọ orúkọ àwọn ọmọ inú ilé náà sórí ìwé kan, ọjọ́ orí wọn, ilé-ẹ̀kọ́ wọn, àti orúkọ ẹni tí wọn yóò sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹnìkan nínú ẹbí sì pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó wí fún un ní èdè tí ó yé e pé àìsàn ni ó ń ṣe bàbá, pé kì í ṣe nítorí ohunkóhun tí òun ọmọ ṣe, àti pé ní ọ̀la, ẹlòmíràn ni yóò lọ wá bàbá wá sílé.