Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń fara pa lẹ́ẹ̀mejì?

Ṣé o mọ̀ pé ìfarapa ọ̀pá ẹ̀yìn kì í parí síbi tí ọkọ̀ ti gbókìtì? Òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mélòó kan, inú ara ẹni náà gan-an ló sì ti ń wá. Ẹni tó ń ná ọ̀nà Accra sí Kumasi ní Gánà á ti rí irú rẹ̀: trotro, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò, dojú dé, èèyàn mẹ́rin sáré wọlé, ọ̀kan di apá mú, ọ̀kan di ẹsẹ̀ mú, orí ń fì, wọ́n ká ẹni náà sẹ́yìn táksì, ó di Kumasi. Àánú ló ṣe wọ́n, Ọlọ́run á sì san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lọ lábẹ́ awọ ní wákàtí yẹn, ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Ṣé o mọ̀ bí ohun tó ń fara pa yìí ṣe kéré tó? Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 péré, kò sì nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìjàmbá, kì í já. Ó kàn ń tẹ̀ ni, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú rẹ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹnìkan ti fura sí ìfarapa kejì yìí. Ní 1911, Alfred Reginald Allen, dókítà ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ń ju irin sórí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ajá láti mọ bó ṣe ń bàjẹ́. Ó la ojú ibi tó fara pa, ó fa omi àti ẹ̀jẹ̀ tó sé síbẹ̀ jáde, ó sì rí i pé ara irú ajá bẹ́ẹ̀ ń yá ju ti àwọn tó kù lọ. Ohun kan wà nínú omi yẹn tó ń pa ibi tí irin kò bà.

Lónìí a mọ púpọ̀ nínú àwọn ohun tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórúkọ. Cytokine wà lára wọn, èròjà tíńtín tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ń ránṣẹ́ sí òmíràn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ ìjàmbá tó ṣú, microglia, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ọpọlọ àti mùdùnmúdùn, ti tú interleukin-1 àti TNF síta. Àwọn méjèèjì yìí kan náà wà lára ohun tó ń mú ara rẹ gbóná nígbà tí ibà bá dá ọ dúbúlẹ̀. Òjíṣẹ́ mìíràn tún pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Neutrophil ló ń kọ́kọ́ dé, ó máa ń pọ̀ gan-an ní nǹkan bí ọjọ́ kan lẹ́yìn ìjàmbá. Macrophage ń tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ ogun ara nìwọ̀nyí, wọ́n gbé ohun ìjà dání. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò tí wọn ì bá bá jà kò sí níbẹ̀! Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni wọ́n ń palẹ̀ mọ́, èyí tó wà láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń fara gbá a. Ibẹ̀ ń wú, egungun sì yí i ká, kò sí àyè tó lè wú sí.

Ní Vancouver, orílẹ̀-èdè Kánádà, Brian Kwon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn interleukin-6 àti interleukin-8 nínú omi tó yí mùdùnmúdùn àwọn aláìsàn ká. Ní 2010 wọ́n kéde pé bí ìfarapa bá ṣe le tó ni òjíṣẹ́ wọ̀nyí ń pọ̀ tó.

Ṣé kí a pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́, kí ó tán? Ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ mi jù, nítorí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Ní 1990, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà sọ pé oògùn methylprednisolone, tó ń pa irú òjíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́, ń ṣèrànwọ́ bí aláìsàn bá gbà á kí wákàtí mẹ́jọ tó pé. Gbogbo ayé gbé e. Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀ ní kí wọ́n má lò ó mọ́, pé ewu rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Àwọn òjíṣẹ́ tó ń bà á jẹ́ àti àwọn tó ń tún un ṣe kò jìnnà síra wọn. Interleukin-10, fún àpẹẹrẹ, ìjà ló ń pẹ̀tù sí. Michal Schwartz ní Ísírẹ́lì tilẹ̀ fi macrophage sí ojú ọgbẹ́ eku ní 1998, àwọn kan nínú eku náà sì tún lè mi ẹsẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí èèyàn, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyanu mìíràn rèé: bí ìfarapa bá ga, lápá ọrùn tàbí òkè àyà, àwọn ọmọ ogun ara tó ń ya bo ojú ọgbẹ́ máa ń di aláìlágbára níbòmíràn, nítorí àṣẹ ọpọlọ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa mọ́. Ó wà lára ìdí tí òtútù àyà àti àkóràn ojú ìtọ̀ fi ń tètè mú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Ní Kumasi, Komfo Anokye Teaching Hospital, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Gee, ni wọ́n ń gbé àwọn tó fara pa lójú ọ̀nà yẹn lọ.  Ilé ìtọ́jú ìjàmbá àti pàjáwìrì tó wà níbẹ̀ ṣí ní 2009. Iṣẹ́ áńbúláǹsì orílẹ̀-èdè Gánà bẹ̀rẹ̀ ní 2004, lẹ́yìn tí èèyàn 126 kú ní pápá ìṣeré Accra lọ́jọ́ 9 oṣù karùn-ún 2001, níbi tí Asante Kotoko ti Kumasi ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Hearts of Oak. Ní oṣù kìíní 2020, ìjọba tún pín ọkọ̀ áńbúláǹsì 307.

Nítorí náà, pe 112. Bí iná tàbí ewu mìíràn kò bá sí níbẹ̀, má fa ẹni tó fara pa náà. Bó bá di dandan láti gbé e, kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú gbọn-in, kó wà ní ọ̀gbọọrọ pẹ̀lú ara, kí àwọn yòókù yí i sórí pákó lẹ́ẹ̀kan náà. Nílé ìwòsàn, dókítà á máa ṣọ́ èémí àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí mùdùnmúdùn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé tún ń kú kún èyí tí cytokine pa. Iṣẹ́ àwọn ẹbí tó jókòó tì í ni kí wọ́n máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà tún ru àwọn òjíṣẹ́ náà sókè.