Oúnjẹ Odídẹrẹ́ àti Èrè Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: Bí A Ṣe Ń Bọ́ Ẹyẹ Tí Ó Ń Ṣa Oúnjẹ Jẹ

Kò wọ́pọ̀ kí ọmọ Yorùbá má mọ odídẹrẹ́ ní orúkọ, bí kò tilẹ̀ fojú kàn án rí. Òun náà ni a ń pè ní ayékòótọ́, nítorí pé ohun tí ó bá gbọ́ ni ó ń sọ, ayé kì í sì í fẹ́ òótọ́. Ìyẹ́ pupa ìdí rẹ̀, ìkóóde, ṣe pàtàkì láàrin àwọn olórìṣà. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ní ilẹ̀ Brazil ń lò ó títí di òní, wọ́n sì ń pè é ní ekodidé. Bí a bá ń ki ìlú Ìwó, a kì í yọ odídẹrẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti mọ orúkọ àti ìyẹ́ rẹ̀ tó, ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó máa jẹ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, odídẹrẹ́ kan wà ní agboolé wa tí ń pe bàbá mi àgbà bí ẹni pé ìyá àgbà ni ó ń pè wọ́n. Ẹ̀pà ni a ń fún un ní òwúrọ̀, ẹ̀pà náà ni ní alẹ́. Bí a bá fi nǹkan mìíràn kún un, yóò tì í dànù, àwa yóò sì rẹ́rìn-ín pé ẹyẹ náà mọ ohun tí ó dára. Ní ọjọ́ kan, gìrì mú un lórí igi tí ó bà lé; ó ṣubú, ó sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan ní ayé ni ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé gìrì wà lára àwọn àmì àìtó kálísíọ̀mù nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé irú odídẹrẹ́ tiwa yìí, eléérú onírù pupa, ni àìsàn náà máa ń mú jù láàrin ẹbí rẹ̀. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni ó pa á, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé oúnjẹ tí a ń fún un kò lè gbà á.

Ìdí tí ẹ̀pà nìkan kò fi tó

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kan ṣoṣo kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ara. Nínú igbó, odídẹrẹ́ a máa jẹ ẹyìn, oríṣiríṣi èso igi àti kóró, yóò sì fò jìnnà kí ó tó rí wọn. Èyí tí ó wà nínú àgò kì í fò. Òróró pọ̀ nínú ẹ̀pà àti nínú kóró sunflower, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù àti fítámì A kò tó nínú wọn. Àìtó fítámì A a máa ba awọ inú ẹnu àti ọ̀nà èémí ẹyẹ jẹ́, àrùn yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Bí ẹ̀pà bá sì hu èébu, májèlé tí ń jẹ́ aflatoxin lè wà nínú rẹ̀, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ àti èyí tí kò yẹ

Níbi tí a bá ti rí i rà, oúnjẹ oníhóró tí a dìídì ṣe fún odídẹrẹ́, tí àwọn olùtajà ń pè ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ni ó dára jù fún ìpìlẹ̀. Àwọn nǹkan ọjà wa náà yóò bá a rìn. Ẹyìn, karọ́ọ̀tì, elégédé, ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti tàtàṣé ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Ewé mọ̀ríńgà àti àwọn ẹ̀fọ́ mìíràn ní kálísíọ̀mù. Ẹ má ṣe bẹ̀rù ata: ohun tí ń mú kí ata ta ènìyàn lẹ́nu kì í ta ẹyẹ. Ẹ̀wà tí ó jinná dáadáa àti àgbàdo tútù náà dára. Oòrùn ni ó ń jẹ́ kí ara ẹyẹ ṣe fítámì D, èyí tí ara fi ń lo kálísíọ̀mù. Nítorí náà, ẹ máa gbé àgò síta ní àárọ̀, kí ibòji sì wà ní apá kan rẹ̀. Oòrùn tí ó gba ojú gíláàsì wọlé kò lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ má fún un ní píà rárá, nítorí pé ó lè pa á. Ẹ má fún un ní ṣokoléètì, kọfí, ọtí, àlùbọ́sà tàbí oúnjẹ oníyọ̀. Obì pàápàá kò yẹ ẹ́, nítorí pé kaféènì tí ó wà nínú kọfí wà nínú rẹ̀.

Bí ó bá kọ oúnjẹ titun

Odídẹrẹ́ a máa bẹ̀rù ohun tí kò rí rí. Ohun tí a kò fi hàn án nígbà èwe lè má jọ oúnjẹ lójú rẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi ebi fìyà jẹ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí oṣù mélòó kan, ni ìyípadà yìí lè gbà.

Ẹ kọ́kọ́ ra òṣùwọ̀n kékeré tí ń ka gírámù, kí ẹ sì máa wọn ẹyẹ náà ní àràárọ̀ kí ó tó jẹun. Bí ẹyẹ tí ó wọn 400 gírámù bá dín ní 40, ẹ dá a padà sórí oúnjẹ àtijọ́, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ebi ń pa á, oúnjẹ titun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún un. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fún un ní èyí tí ó mọ̀. Ẹ máa jẹ nínú oúnjẹ náà lójú rẹ̀, nítorí pé ẹyẹ tí ń bá ẹgbẹ́ jẹun ni. Bí ó bá kọ karọ́ọ̀tì tí a gé, ẹ rin ín, ẹ sè é, tàbí kí ẹ so ó rọ̀. Nínú ooru tiwa, ẹ kó oúnjẹ tútù kúrò lẹ́yìn wákàtí méjì.

Èrè ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Láti mọ ohun tí ẹyẹ fẹ́ràn jù, ẹ to nǹkan márùn-ún sínú àwo kan ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, kí ẹ wo èyí tí ó kọ́kọ́ ń mú. Láti ọjọ́ náà, ohun yẹn kò gbọdọ̀ sí nínú oúnjẹ ojoojúmọ́ mọ́. Iṣẹ́ ni yóò máa fi gbà á. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀pà ni, ẹ̀pà tí kò ní iyọ̀ àti èébu, kò burú. Ẹ̀pà tí ó jẹ́ ìṣòro tẹ́lẹ̀ ti di irinṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì hóró kan tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún un lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ṣe ohun tí ẹ fẹ́. Bí ẹ bá pẹ́, kò ní mọ ohun tí ó gba èrè lé lórí. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ẹ̀kọ́ kan, kí gbogbo èrè ọjọ́ kan má sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀.

Oúnjẹ nìkan kọ́ ni èrè. Irene Pepperberg, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ra odídẹrẹ́ kan tí ó sọ ní Alex ní ọdún 1977. Nǹkan tí Alex bá dárúkọ gan-an ni wọ́n ń fún un: bí ó bá dárúkọ bébà, bébà ni yóò gbà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe so pọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Kí ó tó kú ní ọdún 2007, ó ti mọ orúkọ nǹkan tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n fi èso ápù hàn án, “banerry” ni ó pè é, ó jọ pé “banana” àti “cherry” ni ó fà pọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mofọ́lọ́jì yóò mọ irú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí èyí jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí àpilẹ̀kọ yìí lọ ra odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó. Ní ọdún 2016, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu àparun, àdéhùn CITES sì ti fòfin de òwò àgbáyé lórí àwọn tí a mú nínú igbó láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Àwọn tí ó ti wà nínú ilé wa tẹ́lẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Odídẹrẹ́ tí a tọ́jú dáadáa lè gbé ogójì ọdún láyé, kí ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀.