Má Ṣe Fi Oògùn Ikọ́ Ife Sílẹ̀ ní Agbedeméjì

Ọ̀rọ̀ ikọ́ ife ni a mú bọ̀ lónìí, pàápàá jù lọ fún àwọn ará wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, nítorí pé àrùn tí ó ní oògùn ni, síbẹ̀ ó ń pa ènìyàn.

Àwọn kan ní àrùn ìdílé ni, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ni, Dókítà Robert Koch ará Jámánì ni ó sì fi í han aráyé ní ọdún 1882. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà ranni nígbà tí aláìsàn bá húkọ́. Abọ́ àti ṣíbí kò mọ̀ ọ́n rárá, nítorí náà ẹ yé ya àwo aláìsàn sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá húkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó ń làágùn lóru, tí ó sì ń rù, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọn yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba fi oògùn náà ṣe.

Oògùn mẹ́rin ni aláìsàn yóò máa lò fún oṣù méjì, yóò sì lo méjì nínú wọn fún oṣù mẹ́rin sí i. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú kúkúrú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láyé abẹ́rẹ́ streptomycin, ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ní Ọ̀kà ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kìíní, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ikọ́ rọlẹ̀, oúnjẹ ń wọlé, ẹran ara padà. Nígbà tí ó di oṣù kẹta, ó gbé ọkọ́, ó kọrí sí oko. Ó ní ta ni yóò tún máa ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ nítorí àìsàn tí ó ti lọ? Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Àwọn kòkòrò tí ara wọn le ni oògùn kọ́kọ́ pa. Àwọn tí ó ń sùn ṣì kù, nítorí wọn ni oṣù mẹ́rin ìkẹyìn ṣe wà. Bí wọ́n bá jí tí wọ́n sì gbilẹ̀, oògùn àkọ́kọ́ lè má ká wọn mọ́, èyí tí ó ká wọn sì wọ́n, ó sì le lára púpọ̀.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ní kí ẹnìkan máa wo aláìsàn bí ó ti ń gbé oògùn mì. Dókítà Karel Styblo lo irú ètò yìí ní Tanzania láti ìparí àwọn ọdún 1970, Nàìjíríà náà sì gbà á ní ọdún 1993. Nọ́ọ̀sì lè ṣe é, olùkọ́ tàbí ìyàwó ilé lè ṣe é. Kí ó fi ojú rí i ni o, kì í ṣe kí aláìsàn kàn wí pé òun ti lò ó. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bí epo, oògùn ni, kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe, kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà kíákíá.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọn a kọ ohun tí ó gbẹ̀yìn sí iwájú orúkọ aláìsàn nínú ìwé: ó sàn, a kò rí kòkòrò mọ́, ó lo oògùn tán, oògùn kò ràn án, ó kú, tàbí, a kò rí i mọ́. Ní ọdún 1991, àwọn ìjọba àgbáyé fẹnu kò pé kí ènìyàn 85 nínú 100 tí kòkòrò hàn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn sàn. Èyí tí ó ń ba àwa lẹ́rù jù ni ‘a kò rí i mọ́’, nítorí ẹni náà lè wà nílé, kí ó máa húkọ́ láàrin àwọn ọmọ rẹ̀.

Bí ìrìn àjò bá dé, bí ẹ bá ń lọ bá ọmọ yín ní Èkó tàbí ẹ ń lọ sí oko ọ̀nà jíjìn, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ lè máa gba oògùn yín níbẹ̀. Kí ẹ sì kó àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún nínú ilé lọ fún àyẹ̀wò; bí àrùn náà kò bá tí ì mú wọn, oògùn ìdáàbòbò wà fún wọn.