Cut-off: Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Méjì

Lọ́dọọdún, bí èsì JAMB bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi mí: "Prọ̀fẹ́sọ̀, ọmọ mi gba 190. Wọ́n ní 150 ni cut-off. Ṣé ó ti wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ wa nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń rú wọn lójú níbẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń pè ní cut-off. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè fi odidi ọdún kan ayé ọmọ ṣòfò.

Èkíní ni ti JAMB, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978. Iṣẹ́ mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nínú ìdánwò wọn, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan, 400 sì ni àròpọ̀ máàkì. Lọ́dọọdún, JAMB àti àwọn ọ̀gá ilé-ìwé gíga máa ń fẹnu kò sí máàkì tí yunifásítì kankan kò gbọdọ̀ gba ọmọ tó bá rẹlẹ̀ sí i. Ní 2024, 140 ni. Ní 2025, 150. Ẹnu géètì lèyí. Ẹni tó dé ẹnu géètì kò tíì wọlé.

Èkejì ni ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Iye àyè tó wà àti iye ọmọ tó ń wá a ló ń bí i. Bí àyè bá jẹ́ 100, wọ́n á to àwọn ọmọ láti òkè wá sílẹ̀. Máàkì ẹni tó ṣe ìkọgọ́rùn-ún ni cut-off ẹ̀ka náà. Ìdí nìyí tí 190 fi lè tó fún ẹ̀kọ́ Yorùbá, tí 240 kò sì ní tó fún ìmọ̀ ìṣègùn, nínú ilé-ìwé kan náà.

Máàkì JAMB nìkan kọ́ ni wọ́n sì fi ń to ọmọ. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń fi 8 pín in kó lè di ìdá 50, kí wọ́n tó fi ti ìdánwò tiwọn tàbí ti èsì WAEC kún un. Ẹ wò ó: ẹni tó ní 240 ti ní 30, bó bá gba 30 sí i, ó di 60. Ẹni tó ní 200 ní 25. Bó bá gba 38 sí i, ó di 63. Ẹni ẹ̀yìn ti di ẹni iwájú nìyẹn.

Ti ọmọ ìpínlẹ̀ tún wà níbẹ̀. Owó ìpínlẹ̀ ló gbé irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ ró, torí náà wọ́n máa ń ro ti ọmọ ìpínlẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe ibi tí ọmọ ń gbé ni wọ́n ń wò o. Ọmọ tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ sí Èkó, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìṣẹ́yìn, ọmọ Ọ̀yọ́ ni lórí ìwé. Ìpínlẹ̀ tó ni ilé-ìwé gan-an lè yí padà: Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ni LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti 2020, Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ín.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tí máàkì wọn tó, tí ìwé wọn kò pé. Krẹ́díìtì márùn-ún nínú èsì WAEC tàbí NECO, ó pẹ́ tán ìjókòó méjì, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èsì náà gbọ́dọ̀ dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì JAMB. Láti 2017, orí ètò tí wọ́n ń pè ní CAPS ni ìgbàwọlé ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá fún ọmọ láyè, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Nígbà mìíràn, ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n máa fi lọ̀ ọ́. Ẹni tí kì í yẹ ibẹ̀ wò kò ní mọ̀.

Nítorí náà, ẹ yéé béèrè pé ṣé 190 tó. Ẹ béèrè pé: fún ẹ̀kọ́ wo? Àwọn mélòó ló ń wá a? Ṣé iṣẹ́ mẹ́rin tó fi ṣe JAMB bá ẹ̀kọ́ náà mu? Ṣé èsì rẹ̀ ti wà lórí CAPS? Ẹ béèrè wọn kí ọmọ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, torí lẹ́yìn èsì, díẹ̀ ló kù tẹ́ ẹ lè tún ṣe.